Káàdì ìlera ìjọba wà lọ́wọ́, ta ni yóò bá wa ṣe fisiotẹ́rápì?

Àpò ìrẹsì ni ọkọ mi ń gbé sọ̀kalẹ̀ láti inú búùtù ọkọ̀ nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ké gbì. Ó fẹ́ nàró, kò lè nàró. Dókítà wò ó, ó kọ oògùn ìrora fún un, ó ní kó lọ ṣe fisiotẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ìdárayá ṣe kí ara lè padà bọ̀ sípò. Gbólóhùn kan péré nìyẹn, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a fi rìn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn náà, bẹ́ẹ̀ káàdì NHIA rẹ̀, ìyẹn káàdì adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, wà nínú àpò láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ilé fisiotẹ́rápì aládàáni kan tó wà nítòsí ilé ni a kọ́kọ́ lọ. Orúkọ HMO wa, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó káàdì náà tó sì ń sanwó fún ọsibítù, wà lára ilẹ̀kùn wọn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Inú wa dùn. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú gba káàdì, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. HMO yìí la ń gbà lóòótọ́, àmọ́ ti àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ni. A kì í gba ti ìjọba." Mo ní ṣé kì í ṣe HMO kan náà ni? Ó ní òun náà ni. Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi rárá. A gba ọsibítù ńlá ìjọba lọ, wọ́n ní kí a lọ mú ìwé wá láti ọsibítù wa. A mú ìwé dé, wọ́n ní kóòdù ńkọ́? Kóòdù dé, ó jẹ́ kóòdù láti rí dókítà nìkan, kò sí fisiotẹ́rápì nínú rẹ̀. Ọkọ mi ń rìn bí ẹni tó gbé igi lé ẹ̀yìn ní gbogbo àkókò yìí.

Kò sí ẹni tó parọ́ fún wa nínú wọn. Ohun tó dà wá láàmú ni pé ẹnu ọ̀nà tí kò yẹ ni a ti bẹ̀rẹ̀. À ń wá oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì bí ìgbà tí èèyàn ń wá mẹkáníìkì: ta ló sún mọ́ wa, ta ni wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dáa? Káàdì ìjọba kì í ṣiṣẹ́ báyẹn. Ara káàdì fúnra rẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó wá kọjá sí ọsibítù tí orúkọ wa wà lọ́dọ̀ wọn, kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò tọ́jú wa. Mo ti rí àwọn ọmọ tó ń gbé ìyá wọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù kiri láti ọsibítù kan sí òmíràn, tí ọwọ́ ìyá náà ń le sí i lójoojúmọ́. Ó dùn mí, torí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù kò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí yóò fi ṣòfò. Ìdí tí mo fi ń ṣàlàyé ọ̀nà yìí nìyẹn, kí ẹlòmíràn má baà rin ìrìn tí a rìn.

Ta ló ni káàdì ọwọ́ yín?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe gbogbo rẹ̀ ní "NHIS". Orúkọ àtijọ́ nìyẹn. Òfin ọdún 1999 ló dá ètò náà sílẹ̀, ọdún 2005 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu, nígbà ìjọba Ọbásanjọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni òfin tuntun sọ ọ́ di NHIA, tó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà. Kí èèyàn mọ orúkọ nìkan kò tó. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé káàdì tí a ń pè ní ti ìjọba kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, ọ̀nà tí ìkọ̀ọ̀kan sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ fisiotẹ́rápì yàtọ̀ síra.

Bí ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, káàdì NHIA ni tiyín, HMO kan sì wà tó ń bójú tó o. Bí ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀, tàbí tí ẹ jẹ́ oníṣòwò, télọ̀, onímọ́tò tó forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ìpínlẹ̀: Ìlera Èkó tí LASHMA ń darí l'Ékòó, OYSHIA ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù náà ní tiwọn. Àwọn tálákà tí wọ́n fi orúkọ wọn sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ wà pẹ̀lú, lábẹ́ owó tí òfin ìlera ọdún 2014 yà sọ́tọ̀. Ìtọ́jú ìpìlẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni èyí tó pọ̀ jù nínú tiwọn, nítorí náà kí wọ́n béèrè dáadáa kí wọ́n tó gbẹ́kẹ̀ lé e fún fisiotẹ́rápì. Káàdì tí ilé iṣẹ́ aládàáni rà fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ HMO tó wà lára rẹ̀ lè bá tiyín mu.

Ibẹ̀ gan-an ni ọmọbìnrin ọjọ́sí ti mú wa. HMO kan náà lè ní ọjà méjì: èyí tó ń tà fún ilé iṣẹ́ aládàáni, àti èyí tó ń bá NHIA bójú tó. Owó tí yóò san fún ilé ìtọ́jú lórí méjèèjì kò dọ́gba. Ilé fisiotẹ́rápì lè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn fún ọ̀kan, kó má fọwọ́ sí èkejì. Torí náà, bí ẹ bá rí orúkọ HMO yín lára ògiri níbìkan, ẹ má tíì yọ̀.

Káàdì ìpínlẹ̀ tún ní ààlà. Ẹni tó ń gbé ní Mówè tàbí Ìbàfò, tó ń ṣòwò l'Ékòó tó sì fi orúkọ sílẹ̀ fún Ìlera Èkó, ọsibítù tó wà nínú ètò Èkó ni káàdì rẹ̀ mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ilé fisiotẹ́rápì kan wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kò ní ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, ẹ ro ibi tí ẹ ń sùn mọ́ ibi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó yàn. Fisiotẹ́rápì kì í ṣe ohun tí a ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí wa ló ń ká mi lára jù. Káàdì òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gbé òṣìṣẹ́ náà, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ìyá kò sí níbẹ̀, bàbá kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ̀ títí ọjọ́ tí Ìyá bá ṣubú ní báfúrúùmù. Owó ọ̀tọ̀ ni a fi ń fi òbí kún un, tàbí kí a gba ti ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé fún wọn, tàbí kí a lo ètò NHIA fún ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ẹbí tí wọ́n ń pè ní GIFSHIP. Àwọn ètò tí èèyàn ń dá wọ̀ fúnra rẹ̀ sì sábà máa ń ní ìgbà ìdúró kí káàdì tó jí. Bí òbí yín bá ń rìn dáadáa lónìí, òní ni kí ẹ ṣe é.

Kí ni kóòdù yìí gan-an?

Bí ẹ bá mọ bí owó ṣe ń rìn, gbogbo lílọ bíbọ̀ náà yóò yé yín, ìbínú yín á sì dínkù.

Nígbà tí ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ yan ọsibítù kan. Òun ni ọsibítù àkọ́kọ́ yín. Oṣooṣù ni wọ́n ń san owó kan pàtó fún un lórí yín, yálà ẹ wá tàbí ẹ kò wá. Lábẹ́ NHIA, 750 náírà lóṣù lórí ẹnì kan ni owó náà fún ọdún pípẹ́, kí wọ́n tó gbé e sí 1,450 náírà ní ọdún 2025. Ibà, ikọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru àti irú wọn ni owó yẹn wà fún. Fisiotẹ́rápì kò sí nínú rẹ̀. Ìtọ́jú ìpele kejì ni, wọ́n sì ń san owó rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é. HMO ló ń san án. Kí HMO tó san án, ó fẹ́ mọ̀ pé dókítà rí yín lóòótọ́ àti pé ó rí ìdí tó fi yẹ. Kóòdù ni ẹ̀rí pé HMO ti gbà. Bí kò bá sí kóòdù, bí ẹni máa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni ọsibítù kejì yóò ṣe rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá èèyàn padà.

Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, ilé iṣẹ́ adójútòfò ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fúnni ní kóòdù, kò sí HMO láàárín. Ìlànà kan náà ni.

Nítorí náà, oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì tó bá sọ pé kò lè rí yín láìsí ìwé kò fi yín ṣẹ̀sín. Ẹni tó bá ń fi owó ara rẹ̀ sanwó lè wọlé tààrà lọ bá a, kò nílò kí dókítà rán an. Adójútòfò ló nílò ìwé.

Ẹ jẹ́ kí ìwé náà sọ̀rọ̀. Ìwé tí dókítà kọ fún ọkọ mi lẹ́ẹ̀kínní, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n bá a wo ẹ̀yìn. HMO sì fún un ní kóòdù fún ohun tí wọ́n kọ: kí dókítà eegun wò ó. Lẹ́ẹ̀kejì ni mo tó mọ̀ pé kí n bẹ dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi kọ fisiotẹ́rápì sí i ní pàtó, àti iye ìgbà tí ẹ rò pé yóò gbà." Ó kọ ọ́. Kóòdù tó jáde tẹ̀ lé ohun tó kọ. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí abẹ́rẹ́ ìdí pa lẹ́sẹ̀, tàbí ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò dúró, tàbí àgbàlagbà tí orúnkún rẹ̀ ń dún, kí àìsàn náà wà nínú ìwé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí ohun tí ẹ ń fẹ́ sì wà níbẹ̀.

Ọsibítù yín ló yẹ kó béèrè kóòdù lọ́wọ́ HMO, kì í ṣe ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2025, NHIA ti pàṣẹ pé HMO kò gbọdọ̀ fi kóòdù jáfara ju wákàtí kan lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, ọsibítù á ní "ẹ padà wá lọ́la", wọ́n á sì padà sílé. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ẹ pe HMO fúnra yín. Bí HMO kò bá dáhùn, NHIA ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba ẹjọ́ níbẹ̀.

Wíwá ẹni náà

Ó ti yé wa báyìí pé ìbéèrè "Ta ló sún mọ́ mi?" kò gbọdọ̀ ṣáájú. Kí a bi HMO, tàbí ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀, pé: nínú àwọn ibi tí ẹ bá ṣàdéhùn fún káàdì tèmi yìí, ibo ni fisiotẹ́rápì wà, èwo ló sì sún mọ́ àdúgbò mi? Ẹ dárúkọ àdúgbò yín. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, ọsibítù olùkọ́ni ńlá ni wọn yóò sọ: UCH n'Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí ọsibítù eegun tó wà ní Ìgbóbì l'Ékòó. Iṣẹ́ tó dáa ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìgbóbì gan-an, ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara pa nínú ogun àgbáyé kejì ló bí i ní ọdún 1945, nítorí náà iṣẹ́ ká mú ẹni tó fara pa padà bọ̀ sípò ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀, ọ̀nà sì lè jìn. Bí dókítà bá ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ fún ẹni méjì, torí aláìsàn kò lè dá lọ. Mo ti rí ẹni tí káàdì sanwó ìtọ́jú rẹ̀ pátápátá, tí owó ọkọ̀ wá lé e kúrò níbẹ̀. Àwọn ọsibítù jẹ́nẹ́rà tó tóbi díẹ̀ náà ń ní ẹ̀ka fisiotẹ́rápì, ẹ béèrè bóyá ọ̀kan wà lójú ọ̀nà yín.

Ẹ má gbéra kí ẹ tó pe ibẹ̀. "Ṣé ẹ ń gba NHIA?" kò tó, torí ọsibítù lè máa gba NHIA fún iṣẹ́ abẹ, kí ó má gbà á fún fisiotẹ́rápì. Ohun tí mo máa ń sọ nìyí: "Ẹ káàárọ̀. NHIA ti ìjọba àpapọ̀ ni káàdì wa, HMO wa ni báyìí-báyìí. Ṣé ẹ ń gbà á fún fisiotẹ́rápì, fún ẹni tó ń ti ilé wá?" Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ti ilé wá yẹn ṣe pàtàkì. Nígbà tí aláìsàn bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, fisiotẹ́rápì sábà máa ń wà lára ìtọ́jú ìgbà tí wọ́n dá a dúró. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá a sílẹ̀, ó parí, àfi kóòdù tuntun. Ọ̀pọ̀ ẹbí aláìsàn rọpárọsẹ̀ ni kò mọ èyí. Wọ́n á mú un relé pẹ̀lú ìwé oògùn, wọ́n á rò pé ẹnì kan yóò pè wọ́n. Ẹ gba ìwé fisiotẹ́rápì ti ìta kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù.

Ẹ tún béèrè ohun tí ẹ máa san lápò ara yín. Lórí oògùn, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹni tó ní káàdì NHIA ń san. Lórí fisiotẹ́rápì, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá lórí ọ̀pá ìrìn, kẹ̀kẹ́ aláìsàn, bẹ́líìtì ẹ̀yìn, àti kí oníṣẹ́ náà wá sílé. Ẹ má rò pé káàdì ti gbé ìwọ̀nyí.

Bí ọsibítù àkọ́kọ́ yín bá ń fi ìwé ránṣẹ́ jáfara ní gbogbo ìgbà, ẹ kò bá a mulẹ̀. Ìlànà NHIA fàyè gbà yín láti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Àwa pààrọ̀ tiwa.

Ẹni tó ń tẹ ara kì í ṣe oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì

Mo ní láti sọ èyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bọ́ sí nígbà tí káàdì bá ti sú wọn. Ẹni tó ń fi òrí tẹ ara lè tu ara lára. Àwọn tó ń to eegun ní àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé wọn ládùúgbò. Àmọ́ oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì lọ sí yunifásítì fún un. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọdún 1966 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní MRTB, tí òfin ọdún 1988 gbé kalẹ̀, ló ń forúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n sì ní láti tún ìwé àṣẹ ṣe. Kì í ṣe àrífín láti ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí ìwé àṣẹ yín?" Èyí tó bá jẹ́ ojúlówó yóò fi hàn yín.

Ẹ ó mọ̀ ọ́n nínú ìṣe rẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìbéèrè ló máa kọ́kọ́ pọ̀. Ẹni tó tọ́jú ọkọ mi ní kó tẹ̀, kó yí, kó gbé ẹsẹ̀ sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ṣé ó ń mọ̀ ọ́n lára bákan náà. Kò tíì fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀rọ tó ń gbóná tàbí èyí tó ń ta ara yẹ̀ẹ́ yẹ̀ẹ́ kò ju apá kan nínú iṣẹ́ náà. Ìdárayá tí wọ́n ń kọ́ni, tí a ó máa ṣe nílé, ni èyí tó pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ ìdárayá yìí ló sì gbé wa dé orí iye ìgbà tí káàdì gbà. Kóòdù kan kì í gbé gbogbo ìtọ́jú. Ó ní iye ìgbà, ó sì ní ọjọ́ tó máa kú. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà ni wọ́n fún yín, tí ara sì nílò púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹrin ni kí ẹ ti bẹ oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì pé kó kọ ìwé nípa ibi tí iṣẹ́ dé, kí ẹ gbé e padà fún dókítà yín, kí òun tún béèrè kóòdù mìíràn. Bí ẹ bá dúró dé ìgbà tí mẹ́fà bá tán, àlàfo á wà láàárín, ara tó ti ń rọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í le. Láàárín àsìkò náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ fi fóònù ká ìdárayá náà sílẹ̀ bí ó ṣe ń ṣe é fún aláìsàn, kí ẹni tó bá wà nílé lè tẹ̀ lé e. Àbúrò mi ọkùnrin ló ká tiwa. Ọkọ mi ṣì máa ń tan fídíò náà ní àárọ̀, á tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní pálọ̀, á dùbúlẹ̀, á fa orúnkún sí àyà, á máa kà á sókè títí yóò fi pé mẹ́wàá.